Afẹ́fẹ́ tí A Kò Kà: Ìwádìí Jíjò Afẹ́fẹ́ àti Họ́ọ̀sì Gbígbó Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Nínú àwọn àìsàn tí ó máa ń ṣe ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ lórí títì, díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn tó jíjò afẹ́fẹ́, síbẹ̀ díẹ̀ ni ó ń kó ọlọ́kọ̀ sínú ìnáwó òfò tó o, nítorí pé ohun tí ó bàjẹ́ gan-an lè jẹ́ họ́ọ̀sì kan tí kò nípọn tó ìka ọwọ́, nígbà tí àmì tí ọkọ̀ ń fi hàn jọ ti ẹ̀yà mìíràn tí owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, á máa mísì, á máa kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, epo á máa tètè tán, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá lọ, kí wọ́n fọ nọ́sù. Bí kò bá tún lọ, kí wọ́n ra pọ́ǹpù epo. Bí ó bá sì kọ̀ jálẹ̀, wọn a di ẹ̀bi náà ru bréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ìnáwó wọ̀nyí ni ọlọ́kọ̀ ì bá yẹra fún bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wádìí kí wọ́n tó pààrọ̀, ìwádìí náà kò sì ju agbára mẹkáníìkì abẹ́ igi lọ, bí ó bá mọ ohun tí ó ń wá.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fákíúùmù jẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká ní ìwúwo, ó sì ń tẹ gbogbo ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀. Evangelista Torricelli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ni ó lo mákúrì inú ọ̀pá gíláàsì láti fi èyí hàn ní nǹkan bí ọdún 1643, gíga mákúrì náà ni a sì fi ń wọn agbára ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ títí di òní, tí ó jẹ́ nǹkan bí ínṣì 29.92 ní etí òkun. Nígbà tí písítìnnì bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sìlíńdà, ńṣe ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan, tí à ń pè ní tọ́rótù, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹná. Nítorí pé àwọn písítìnnì ń fà nígbà tí ẹnu ọ̀nà há, agbára ìtẹ̀ inú máníífóòdù, ìyẹn páìpù alábala tí ó ń pín afẹ́fẹ́ fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, máa ń kéré púpọ̀ sí ti ìta, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni a sì mọ̀ sí fákíúùmù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń wà láàárín ínṣì mákúrì 17 sí 22 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán tí ó sì wà ní sílóò, ìyẹn ìyípo jẹ́jẹ́ tí kò ní ìtẹná. Òkè gíga máa ń dín in kù ní nǹkan bí ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọkọ̀ tí géèjì rẹ̀ fi 20 hàn ní Èkó lè fi nǹkan bí 16 hàn ní ìlú Jos láìsí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti ń pèsè agbára ìfàmu yìí lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ ti fi í ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́. Òun ni ó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ búréèkì, nípasẹ̀ irin dúdú rogodo ńlá tí ó wà lẹ́yìn màsítà búréèkì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní háídírófáàkì. Òun ni ó ń fa èéfín tí ó kó jọ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì padà sínú máníífóòdù kí ó lè jóná, nípasẹ̀ fáàfù kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PCV. Òun náà ni ó ń fa ooru bẹntiróòlù láti inú ike èédú tí ó ń gbà á sílẹ̀ nígbà tí táńkì bá gbóná, òun sì ni, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbà 1980 sí 1999, tí ó ń bá wọn ṣe ìwọ̀n agbára epo tí ó ń dé ọ̀dọ̀ nọ́sù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní họ́ọ̀sì tirẹ̀, họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà yọ́ wọlé nígbà tí rọ́bà bá gbó. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín máníífóòdù àti orí ẹ́ńjìnnì, rọ́bà òrùka tí ó wà nídìí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, àti gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́rótù náà wà lára àwọn ibi tí ó yẹ kí a fura sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé họ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi lè da ẹ́ńjìnnì rú tó bẹ́ẹ̀ ni pé jíjó epo ní ìwọ̀n: bẹntiróòlù kílógíráàmù kan nílò afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí kílógíráàmù 14.7 kí ó tó lè jó tán pátápátá. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mọ iye afẹ́fẹ́ tí ó wọlé kí ó tó pinnu iye epo tí nọ́sù yóò tú, ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà mọ̀ ọ́n, tí ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń jò. Ọ̀nà kìíní ni sẹ́nsọ̀ MAF, tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn asẹ́ afẹ́fẹ́, tí ó ní wáyà tín-ín-rín gbígbóná tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ara họ́ọ̀sì fífọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́nsọ̀ yìí kò gba ibodè kọjá, kọ̀ǹpútà kò kà á, epo tí ó tú kò sì ní tó, àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á máa mísì. Ọ̀nà kejì ni sẹ́nsọ̀ MAP, tí ó ń wọn agbára ìtẹ̀ inú máníífóòdù fúnra rẹ̀. Ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó jò wọlé máa ń mú agbára ìtẹ̀ náà gbé sókè, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ epo sí i, á sì fi kún un, nítorí náà ẹ́ńjìnnì irú èyí kì í sábà gbẹ, sílóò rẹ̀ ni ó máa ń ga tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí ni Toyota Camry ti nǹkan bí ọdún 1997 sí 1999, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà fún lórúkọ Tiny Light. Èyí tí ó ní sìlíńdà mẹ́rin nínú wọn ń lo ẹ́ńjìnnì 5S-FE, tí ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2.2, tí ó sì ń fi MAP ka afẹ́fẹ́, nígbà tí èyí tí ó ní sìlíńdà mẹ́fà ń lo 1MZ-FE onílítà 3.0 tí ó ń fi MAF kà á. Mẹkáníìkì tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn á máa retí àmì kan náà lára ọkọ̀ méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn á sì máa tàn án jẹ. Họ́ọ̀sì kan tún wà nínú 5S-FE yìí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ náà mọ̀, ìyẹn họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so sẹ́nsọ̀ MAP pọ̀ mọ́ máníífóòdù. Bí ó bá yọ tàbí tí ó bá là, afẹ́fẹ́ ìta ni sẹ́nsọ̀ náà á máa wọ̀n, tí kò sí fákíúùmù kankan nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà pé awakọ̀ ti tẹná dé ilẹ̀, á sì máa tú epo lọ́nà bẹ́ẹ̀: sàlẹ́ńsà á máa rú èéfín dúdú, ẹnu púlọ́ọ̀gì á dú, òórùn bẹntiróòlù á gba gbogbo àyíká, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú nígbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹná. Ẹni tí ó bá rí èéfín dúdú yìí lè tètè sọ pé nọ́sù ń jò, kí ó sì ní kí wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìmọ̀ pé nọ́sù ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́.

Kò sí rọ́bà tí kì í gbó. Láti ìgbà tí Charles Goodyear ti Amẹ́ríkà ti ṣàwárí ní ọdún 1839 pé imí-ọjọ́ àti ooru lè mú kí rọ́bà le kí ó sì máa nà padà bọ̀ sípò ni a ti ń lò ó láàárín irin gbígbóná, ṣùgbọ́n ooru kan náà tí ó mú rọ́bà le dáadáa nílé iṣẹ́ ni ó ń sè é lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí tí ó fi di gbígbẹ tí ó sì ń sán. Oríṣi rọ́bà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì ní ọ̀tá tirẹ̀: EPDM, tí wọ́n fi ń ṣe họ́ọ̀sì omi, lè fara da ooru àti omi, ṣùgbọ́n bí epo ẹ́ńjìnnì bá ń kán sí i lára, á wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ, nítíráìlì lè fara da epo, ṣùgbọ́n ósóònù inú afẹ́fẹ́ máa ń sán an, sílíkóònù kò bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n kò dára fún ibi tí bẹntiróòlù tàbí epo bá ń gbà. Nítorí náà ni họ́ọ̀sì PCV fi sábà máa ń rọ̀ tí ó sì máa ń fà wọ inú, nígbà tí àwọn họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì máa ń le tí wọ́n sì máa ń kán sọ́wọ́. Ọkọ̀ tokunbọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, tí ó sì ti dúró nínú oòrùn ní ọgbà ọkọ̀ ní Kútọnu kí ó tó wọ Nàìjíríà, ti gbé gbogbo ọdún yẹn wá lára rọ́bà rẹ̀, bí ara rẹ̀ ti wù kí ó máa dán tó. Nígbà tí ó bá wá wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, níbi tí ọkọ̀ ń dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí atẹ́gùn ìrìn kò sì fẹ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà náà kò tún ní pẹ́ mọ́.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tí wọ́n sì ti pa á. Ọwọ́ àti ojú ni irin iṣẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó, nítorí pé họ́ọ̀sì tí ó dà bí ẹni pé kò ní nǹkan kan máa ń là nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ kọ. Kí a fi ìka méjì mú họ́ọ̀sì nítòsí ẹnu rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì, kí a sì wo ẹ̀yìn ibi tí ó kọ: bí rọ́bà náà bá ti gbẹ, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á yọ lára rẹ̀ tí ó dúdú ju ara yòókù lọ, ìlà tí ó bá sì jìn ju ojú ara lọ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ni họ́ọ̀sì ti sábà máa ń là, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti nà án kí ó lè wọ orí irin, àti abẹ́ ibi tí ó bá ti kọ kọ́rọ́, níbi tí ojú kì í dé àyàfi bí a bá lo dígí kékeré àti iná tọ́ọ̀ṣì. Họ́ọ̀sì ńlá onípele-pele tí ó so ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ tọ́rótù ni ó yẹ kí a nà gbooro, nítorí pé inú àárín pele ni ó máa ń là sí, tí kò sì ní hàn bí kò ṣe ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá mì nígbà tí wọ́n bá tẹná, tí ihò náà á wá yanu. Lílà ti họ́ọ̀sì yìí ní ewu mìíràn fún ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ wa, nítorí pé eruku ìgbà ọyẹ́ á máa wọlé láì gba inú asẹ́ kọjá, á sì máa ha ògiri sìlíńdà àti òrùka písítìnnì, ìbàjẹ́ tí owó họ́ọ̀sì kò lè tún ṣe mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ó ya àwòrán gbogbo họ́ọ̀sì fákíúùmù àti ibi tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ìwé yìí níye lórí gan-an, ó sì dunni pé àwọn tí ó ń kun ọkọ̀ sábà máa ń fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé òun ni ó lè sọ fún mẹkáníìkì bí ẹnì kan bá ti yọ họ́ọ̀sì kan sẹ́yìn tí ó sì dì í pa pẹ̀lú ìṣó, tàbí tí wọ́n ti so méjì pọ̀ ní ìdàkudà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú nǹkan yẹ kí ó kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù.

Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, kí a sì tẹ́tí. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ojú ihò tóóró wọlé máa ń súfèé, ṣùgbọ́n ariwo fáànù àti bẹ́líìtì lè bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà àwọn mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ máa ń fi ẹnu kan họ́ọ̀sì gígùn tí ó mọ́ sétí, tí wọn a sì máa gbé ẹnu kejì rìn káàkiri ara máníífóòdù, jìnnà sí fáànù, títí tí ohùn náà fi máa yọ kedere. Ọ̀nà mìíràn tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni kí a fi ẹ̀mú tí a fi aṣọ wé lẹ́nu fún họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pa ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti jáde láti ara máníífóòdù, kí a sì máa kíyè sí ohùn ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fún ọ̀kan pa tí gbígbọ̀n sì dáwọ́ dúró tàbí tí sílóò sọ̀ kalẹ̀ sí bí ó ṣe yẹ, a ti mọ ẹ̀ka tí ìjò náà wà, yálà lára họ́ọ̀sì náà tàbí lára ohun tí ó lọ bá. Họ́ọ̀sì tí ó bá ti gbẹ jù kò gbọdọ̀ gba irú fífún bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀mú á fọ́ ọ pátápátá.

Fífọ́n nǹkan sí ibi tí a fura sí ni ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, òun náà ni ó sì léwu jù. Wọ́n máa ń fi bẹntiróòlù tàbí ọṣẹ agolo tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ fọ́n sí ara máníífóòdù. Bí ó bá bọ́ sí ojú ibi tí ó ń jò, ẹ́ńjìnnì á fà á wọlé bí epo, ohùn rẹ̀ á sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ páìpù sàlẹ́ńsà tí ó wà lẹ́bàá máníífóòdù lè gbóná tó láti dá iná, wáyà púlọ́ọ̀gì tí ó ti gbó sì lè ta pàrà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìdí tí ó tó fún ẹnikẹ́ni láti da bẹntiróòlù sórí ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́. Omi tí a bu ọṣẹ díẹ̀ sí nínú ike ìfọ́nmi ń ṣe iṣẹ́ náà láìléwu iná, bí a bá fọ́n ọn ní ìwọ̀nba tí a kò sì jẹ́ kí ó kan wáyà àti ìsopọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná: ìjò á fà á mu, súfèé á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì yí ohùn padà. Níbi tí agbára bá wà, ẹ̀rọ èéfín ni ó dára jù. Ńṣe ni ó ń fi afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, nǹkan bí 1 psi tàbí kí ó kéré sí i, ti èéfín funfun sínú máníífóòdù nígbà tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, tí èéfín náà á sì gba ojú ihò jáde níṣojú gbogbo ènìyàn, títí kan ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ kò lè dé.

Géèjì fákíúùmù jẹ́ irin iṣẹ́ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì òde òní ti gbàgbé, ìgbàgbé náà kò sì dára, nítorí pé ó ń sọ ju ohun tí owó rẹ̀ tó lọ. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá dúró ṣinṣin láàárín 17 sí 22, ìjò ńlá kò sí. Bí ó bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ó lọ sílẹ̀ gan-an, ìjò lè wà lára máníífóòdù, tàbí kí àkókò iná púlọ́ọ̀gì ti pẹ́ jù. Bí ó bá sì ń já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdógba-ìdógba, fáàfù sìlíńdà kan ni kò pa dé dáadáa, ìyẹn sì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì. Fún ọkọ̀ oní-kábúrétọ̀ bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan tí a lè bi léèrè, géèjì yìí àti etí mẹkáníìkì ni ẹlẹ́rìí tí ó wà.

Ọkọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan kí àwọn ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa lo ẹnu ìsopọ̀ kan náà, tí à ń pè ní OBD-II, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá ṣe é yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n. Nọ́ńbà tí ó sábà máa ń yọ nítorí jíjò afẹ́fẹ́ ni P0171, tí ó ń sọ pé àdàlù ti gbẹ jù ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà tí ó ní apá méjì, P0174 á sọ ohun kan náà nípa apá kejì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ìdájọ́, ibi yìí gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí pé àwọn kan á ka P0171, wọn a sì ra sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn, èyí tí ó ń sọ bí àdàlù ṣe rí fún kọ̀ǹpútà, nítorí pé òun ni ó mú ẹjọ́ wá, bí ẹni pé ẹni tí ó ròyìn olè ni olè.

Ohun tí ó yẹ kí a wò ni iye àtúnṣe epo, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí tí ó ń yọ kúrò kí àdàlù lè bá ìwọ̀n mu. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ ń gbà fi í hàn: ti kúkúrú, tí ó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá dé ìṣẹ́jú-àáyá, àti ti gígùn, tí ó jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí àròpọ̀ wọn bá wà láàárín 10 lókè òdo àti 10 nísàlẹ̀ òdo, kò sí wàhálà. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sílóò, kí a tẹná títí ìyípo ẹ́ńjìnnì fi dé nǹkan bí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí a mú un dúró níbẹ̀, kí a sì tún kà á. Ká ní ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo MAF ka afẹ́fẹ́ gíráàmù 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ó wà ní sílóò, tí ihò kan sì ń mú 0.6 wọlé láìkà: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 kún epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bá ń fa 12, ihò náà kò tóbi sí i, 0.6 yẹn kò lè pọ̀ ju bí ó ti wà lọ, nítorí náà kìkì ìdá 5 ni ó kù. Bí àtúnṣe bá ga ní sílóò tí ó sì lọ sílẹ̀ nígbà ìtẹná, afẹ́fẹ́ ni ó ń jò. Bí ó bá wà dáadáa ní sílóò ṣùgbọ́n tí ó ń ga sí i bí a ṣe ń tẹná, epo ni kò tó, pọ́ǹpù tàbí asẹ́ epo ni kí a lọ bá, tàbí kí wáyà MAF ti dọ̀tí. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òun nìkan sì lè ya pọ́ǹpù epo àti họ́ọ̀sì sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọjà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ń lo MAP, bíi 5S-FE tí a sọ lókè, kí a má ṣe retí iye tí ó ga tó báyìí. Níbẹ̀, sílóò gíga ni àmì tí ó yẹ kí a tẹ̀ lé, àfi bí ó bá jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì máníífóòdù ń jò sí ẹnu sìlíńdà kan ṣoṣo, tí sìlíńdà náà á sì máa mísì nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe dáadáa.

Họ́ọ̀sì háídírófáàkì yẹ fún ìpín tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ọn. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ búréèkì léraléra títí tí ẹsẹ̀ ìtẹ̀ rẹ̀ fi le, kí a wá fi ẹsẹ̀ dúró lé e, kí a sì ṣíná: ó gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbéra. Bí kò bá rì, fákíúùmù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, họ́ọ̀sì náà tàbí fáàfù kékeré aláìjẹ́-kí-ó-padà tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ búréèkì ni a ń gbọ́ súfèé tí ẹ́ńjìnnì sì ń fẹ́ kú, awọ rọ́bà inú háídírófáàkì ti ya. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde sójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí tí wọ́n á fi tún un ṣe.

Họ́ọ̀sì omi àti ti epo kì í fa fákíúùmù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí rọ́bà gbígbó kò gbọdọ̀ tì í láìyẹ̀ wọ́n wò. Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ máa ń bàjẹ́ láti inú wá, nítòsí kílíìpù, nítorí náà kí a fún un wò nígbà tí ó bá tutù: bí ó bá ń dún gììrì nínú, tàbí tí ibì kan bá rọ̀ ju ibòmíràn lọ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọrí rédíétọ̀ ń mú kí omi wà lábẹ́ agbára, omi lásán tí a tẹ̀ dé 15 psi kò ní hó títí á fi gbóná dé nǹkan bí 121 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìdí sì nìyí tí họ́ọ̀sì tí ó bẹ́ fi máa ń jóni tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì gbọdọ̀ ṣí ọmọrí rédíétọ̀ gbígbóná. Ní ti epo, họ́ọ̀sì kábúrétọ̀ kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì onínọ́sù: agbára epo tí ó ń lọ sí kábúrétọ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 5 psi lọ, ti 5S-FE sì wà ní nǹkan bí 38 sí 44. Ohun tí ó yàtọ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀: 30R7 jẹ́ ti kábúrétọ̀, 30R9 jẹ́ ti nọ́sù. Ẹni tí ó bá gbé họ́ọ̀sì tí kò ní àkọlé kankan sórí ẹ́ńjìnnì onínọ́sù ń fi iná ṣeré.

Nípa rírà, ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin àti ti Àràrọ̀mí ní Gate ní Ìbàdàn kún fún họ́ọ̀sì tuntun àti bẹ̀líjọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹ̀yà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Bẹ̀líjọ́ọ̀mù lè dára fún irin. Fún rọ́bà, kò tọ́ sí owó rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ lè tó ti èyí tí ó wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ooru sì ti sè é bákan náà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yẹ kí ó gbé ògbólógbòó lọ, kí ó fi wé tuntun ní ìbú inú, ní gígùn àti ní bí ó ṣe kọ, nítorí pé họ́ọ̀sì tí ó tóbi díẹ̀ á máa jò lábẹ́ kílíìpù, èyí tí ó sì gùn jù á kọ, á sì dí. Ọ̀pá rọ́bà mímọ́ gaara tí àwọn kan máa ń fi rọ́pò họ́ọ̀sì fákíúùmù kò dára rárá, torí pé ooru á mú un rọ̀, ìfàmu á sì lẹ̀ ẹ́ pa. Gọ́ọ̀mù àti tépù náà kò pẹ́ lára rọ́bà tí epo ti rin. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni ó là, tí họ́ọ̀sì yòókù ṣì rọ̀ dáadáa, tí ó sì gùn tó, kí a gé ìwọ̀n ínṣì kan kúrò kí a sì tún un kì bọ̀ ọ́ jẹ́ àtúnṣe tòótọ́, a kò sì gbọdọ̀ bẹnu àtẹ́ lu mẹkáníìkì tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ojú ìjò, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ti mọ́ra pẹ̀lú àìsàn náà. Nínú ọkọ̀ oní-kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí wọ́n wa ọkọ̀ ní títì àti nínú ìlú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n sì tún ka àtúnṣe epo ní sílóò àti ní 2,500, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ fún oṣù pípẹ́ kì í parẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọkọ̀ oní-kábúrétọ̀, mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ rí i sábà ti yí ìdè sílóò sókè kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, nígbà tí wọ́n bá sì dí ihò náà tán, ìyípo á ga lójijì. Kí wọ́n yí ìdè náà padà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú géèjì fákíúùmù lára máníífóòdù, títí tí ìyípo á fi sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà, tí ọ̀pá géèjì á sì dúró láìmì.